Orí Keje: Adìẹ Ń Làágùn, tàbí Àríyá Àpọ́n Nínú Aṣálẹ̀

Àṣà kan wà láàárín àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé lọ́dọ̀ wọn náà ti ń bá wọn dá, èyíinì ni pé nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọkùnrin kan gbé ìyàwó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ a kó o jáde kúrò láàárín ìlú, wọn a bá a ṣe àríyá fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọn a fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a rán an létí gbogbo ìwà òmùgọ̀ tí ó ti hù láti ìgbà èwe wá, kí ó tó di baálé ilé, ẹni tí a kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru mọ́ láìnídìí. Tẹ́lẹ̀ rí, ilé ọtí àti ilé tẹ́tẹ́ ìlú Las Vegas ni wọ́n sábà máa ń gbé irú àríyá bẹ́ẹ̀ lọ; ṣùgbọ́n láyé ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fẹ́ kí wọ́n gun àpáta, kí wọ́n pàgọ́ sábẹ́ ìràwọ̀, kí wọ́n sì sun ẹran jẹ ní ibi tí wọn kò ti ní gbọ́ ariwo ọkọ̀, aṣálẹ̀ ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń forí lé.

Nínú gbogbo àwọn aṣálẹ̀ wọ̀nyí, Joshua Tree ni mo yàn láti fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò jìnnà sí ìlú ńlá, ọ̀nà ọ̀dà gba inú rẹ̀ kọjá, ẹwà rẹ̀ sì ń tan ènìyàn débi pé àlejò a gbàgbé pé aṣálẹ̀ ni òun wà. Ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ni ó wà, ìrìn wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta nínú ọkọ̀ láti Los Angeles. Ìyáàfin Minerva Hoyt ni ó jà fitafita títí tí ìjọba fi ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ ní 1936, tí ó sì wá di ọgbà ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní 1994. Aṣálẹ̀ méjì ni ó pàdé níbẹ̀: Mojave, èyí tí ó wà lórí ilẹ̀ gíga tí ó sì tutù díẹ̀, àti Colorado, èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ tí ó sì gbóná jù ú lọ. Àpáta aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú dì jọ gègèrè síbẹ̀, èyí tí ó tóbi ju ilé alájà mẹ́ta lọ kò níye, àwọn tí ń fi okùn gun àpáta sì ń ti ilẹ̀ jíjìn wá síbẹ̀. Ní ti igi tí ó fún ọgbà náà lórúkọ, ìbátan yucca ni, afòpiná kékeré kan ni ó sì ń bá a gbé ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ láti orí ọ̀kan sí orí èkejì. Kò sí kòkòrò mìíràn tí ó lè bá a ṣe iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ afòpiná náà kò ní oúnjẹ mìíràn ju hóró èso igi yìí lọ. Bí àwọn àpọ́n wa bá ń wá ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó nínú aṣálẹ̀, mo rò pé igi àti afòpiná yìí lè kọ́ wọn ju àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ni mo bá wá sínú orí yìí. Nínú aṣálẹ̀, òǹgbẹ kì í tètè jíṣẹ́ tí a rán an. Ẹni tí ó bá ní òun yóò dúró di ìgbà tí òǹgbẹ bá gbẹ òun kí òun tó mu omi, àti ẹni tí ó bá ń ra omi àríyá gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rà á ní ìlú, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Ìṣirò ni a fi ń lọ sí aṣálẹ̀, a kì í fi ìmọ̀lára lọ.

Ẹni tí a bí ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn kì í ṣe àlejò ooru, bí a bá sì sọ fún un pé ooru lè pa á, ó ṣeé ṣe kí ó rẹ́rìn-ín. Ooru tí ó mọ̀, ooru ọlọ́rinrin ni, èyí tí ń mú òógùn ṣàn láti orí dé ẹsẹ̀, tí ń mú ẹ̀wù lẹ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́yìn. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni ó máa ń mọ ohun tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ jẹ́, ìgbà tí ètè ń là, tí gìgísẹ̀ ń sán, tí aṣọ tí a sá sórí okùn ń gbẹ kí a tó yíjú padà. Ìyẹn náà kò sì yani lẹ́nu, nítorí láti inú aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa. Ara ènìyàn ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àmù tí àwọn ìyá wa ń gbé sí ìdí ògiri: omi ń rin jáde díẹ̀díẹ̀ láti ara amọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń kó ooru dání, tí èyí tí ó kù nínú àmù fi ń tutù nini. Lítà òógùn kan tí ó bá gbẹ kúrò lára a máa kó ooru tí ó tó 580 kilokálórì lọ, èyí tí ó ju gbogbo ooru tí ara ẹni tí ń rìn kánmọ́kánmọ́ fún wákàtí kan ń pèsè lọ. Nígbà tí ooru ojú ọjọ́ bá ti kọjá ti awọ ara wa, èyí tí ó máa ń wà ní nǹkan bí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, atẹ́gùn tí ń fẹ́ kò lè tu ara mọ́, ooru ni ó ń kó wá báni. Òógùn nìkan ṣoṣo ni ó kù tí ó lè gbani.

Ohun tí ó wá burú níbẹ̀ ni pé nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, òógùn kì í dúró kí a rí i. Bí ó ti ń yọ ni ó ń gbẹ. Ọkùnrin tí ó ti pàdánù lítà omi kan láàárín wákàtí kan a fọwọ́ pa apá rẹ̀, a bá a ní gbígbẹ, a sì máa yangàn létí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun kò tilẹ̀ tíì làágùn, nígbà tí iyọ̀ funfun tí ó yí etí fìlà rẹ̀ ká ń jẹ́rìí lòdì sí i. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ti aṣálẹ̀ tún ṣòro ju ti adìẹ lọ, nítorí ẹni tí ń làágùn pàápàá kò mọ̀.

Ní ọdún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀gágun George Patton la ibùdó ńlá kan sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀ yìí kan náà, kò jìnnà sí ẹnubodè gúúsù ọgbà náà, láti kọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bí wọn yóò ti jagun nínú iyanrìn Àríwá Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ olórí ogun ìgbà náà ni ó gbà pé bí a ti ń kọ́ ènìyàn láti fara da àìsùn àti ìrìn àrìngbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè kọ́ ara rẹ̀ kí ó máa fi omi díẹ̀ ṣe é. Edward Adolph, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara ní Yunifásítì Rochester, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lọ tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ń gbé àwọn ọkùnrin sórí ìwọ̀n kí wọ́n tó rìn àti lẹ́yìn tí wọ́n bá rìn tán, wọ́n ń wọn omi tí wọ́n mu àti ìtọ̀ tí wọ́n tọ̀, wọ́n ń jẹ́ kí àwọn kan mu omi bí wọ́n ti fẹ́, wọ́n sì ń fún àwọn mìíràn lómi ní ìwọ̀nba. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1947 sì wà lára ìpìlẹ̀ tí ìmọ̀ yìí dúró lé títí di òní.

Èsì tí wọ́n rí kò bá èrò àwọn olórí ogun mu rárá. Kò sí ẹ̀kọ́ tí a lè kọ́ ara kí ó má làágùn tó bí ooru ti béèrè. Ẹni tí kò mu omi ń làágùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mu, gbèsè rẹ̀ ni ó kàn ń ga sí i. Nítorí náà, omi tí a fi pamọ́ sínú ìgò nígbà tí òǹgbẹ ń gbẹni kò ṣe ara ní oore kankan. Inú ikùn ni ó ti wúlò. Èyí tí ó jọ mí lójú jù ni pé àwọn ọkùnrin tí omi pọ̀ níwájú wọn, tí ẹnikẹ́ni kò dá dúró, kò mu tó ohun tí wọ́n pàdánù: bí ìdajì tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ péré ni wọ́n ń mu lójú ọ̀nà, òǹgbẹ wọn a sì rọlẹ̀, wọn a rò pé ó ti tó. Ìgbà tí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n tó ń san èyí tí ó kù. Kí òǹgbẹ tó pariwo, ọ̀nà mìíràn ni àìtó omi máa ń gbà fara hàn: oúnjẹ a máa súni, oorun a máa kunni láìrìn jìnnà, ẹni tí ó jẹ́ aláwàdà láàárọ̀ a sì di oníbìínú lọ́sàn-án. Nínú àríyá àpọ́n, níbi tí ẹ̀fẹ̀ àti ìjà àṣekòṣekò ti jẹ́ oúnjẹ, ta ni yóò mọ̀ pé ìbínú ọ̀rẹ́ òun, àìtó omi ni?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bani lásán, kí ó gbọ́ ìtàn Pablo Valencia. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1905, ọkùnrin yìí, ẹni tí ń wá góòlù kiri, ṣáko lọ sínú aṣálẹ̀ Arizona lẹ́bàá ààlà Mẹ́síkò, omi tí ó gbé dání kò sì tó ju ti ọjọ́ kan lọ. Onímọ̀ kan, W. J. McGee, pàgọ́ nígbà náà sí ìdí àwọn ihò àpáta tí ń gba omi òjò dúró ní Tinajas Altas, ó sì gbọ́ ohùn kan ní ìdájí tí ó jọ igbe akọ màlúù. Nígbà tí wọ́n sáré débẹ̀, Valencia ni wọ́n bá: ó ti wà láìsí omi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ètè rẹ̀ ti súnkì títí eyín fi hàn síta, ahọ́n rẹ̀ ti rọ, awọ rẹ̀ ti dúdú ó sì ti le, ojú rẹ̀ kò mọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ, gbogbo ibi tí òkúta àti ẹ̀gún ti ya á lára kò sì ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n da omi sí i lára, wọ́n fi ń pa á, wọ́n ń kán an sí i lẹ́nu, títí ó fi lè gbé nǹkan mì. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ojú egbò náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Ó yè é. Ìwé tí McGee kọ nípa rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ṣàpèjúwe òǹgbẹ ní ìpele-ìpele, gẹ́gẹ́ bí dókítà ti ń ṣàpèjúwe àìsàn, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a máa wò ó.

Ó kan ẹni tí yóò ṣètò àríyá náà wàyí, ẹni tí ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀rẹ́ tí yóò dúró ti ọkọ ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ń sọ pé kí olúkúlùkù ní gálọ́ọ̀nù omi kan, tí í ṣe nǹkan bí lítà 4, fún ọjọ́ kan, kí ó sì jẹ́ gálọ́ọ̀nù méjì bí yóò bá rìn tàbí gun òkè nínú ooru. Bí ọkùnrin mẹ́jọ bá wọ inú ọgbà náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n sì fẹ́ jáde ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ mẹ́ta ni kí a kà á; lítà 96 ni èyí tí ó kéré jù, lítà 192 sì ni bí ìrìn bá wà nínú ètò wọn, kí a má ì tíì ka omi ìdáná àti omi ìwẹ̀. Lítà kan, kílò kan ni. Ẹrù ọkùnrin méjì tí ó sanra dáadáa nìyẹn. Omi, àbùwẹ̀, àbùmu, kò sí láti bù níbẹ̀: nínú gbogbo ibùdó àgọ́ inú ọgbà náà, Black Rock àti Cottonwood nìkan ni ó ní ẹ̀rọ omi mímu, ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni àwọn méjèèjì sì wà, wọ́n jìnnà sí ibi tí àwọn àpáta wà. Kí wọ́n pín omi náà sínú gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé lọ, nítorí mo ti rí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí ọkọ̀ náà sì bá ọ̀nà mìíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn tí ń gbé ní London, ní Chicago àti irú ibẹ̀, tí ó máa ń rò pé ooru ilé bàbá wọn ṣì wà lára wọn. Ara tí ó ń bá ooru pàdé lójoojúmọ́ a máa kọ́ra ní ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá: omi inú ẹ̀jẹ̀ a pọ̀ sí i, òógùn a tètè yọ, iyọ̀ inú òógùn a sì dín kù. Ẹ̀kọ́ tí ara yára kọ́ yìí, ó yára gbàgbé rẹ̀ pẹ̀lú. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú òtútù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ. Ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá nílẹ̀ òtútù, tí ó bọ́ sílẹ̀ nínú bàlúù ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àlejò ooru ni, ì báà ṣe àárín ọjà Dùgbẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Kí a má sì tìtorí èyí sọ omi di ohun tí a ń fipá mu láìdáwọ́dúró. Kíndìnrín kò lè tọ̀ ju nǹkan bí lítà kan jáde ní wákàtí kan lọ. Ẹni tí ó bá ń dà á sọ́fun ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì jẹun, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò là, orí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, yóò máa bì, ọpọlọ rẹ̀ yóò wú, àwọn ènìyàn yóò sì tún máa fún un lómi sí i, nítorí wọ́n rò pé omi ni kò tó. Ìdí nìyí tí ẹ̀pà oníyọ̀, ẹran gbígbẹ, búrẹ́dì àti oúnjẹ gidi fi jẹ́ apá kan omi mímu nínú aṣálẹ̀.

Mo wá dé orí ọtí, ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ pé yóò mú kí àwọn kan pa ìwé yìí dé. N kò ní kí àwọn àpọ́n má mu. Ìgbà tí wọn yóò mu ni mo ń wí. Èròjà kan wà tí ọpọlọ máa ń rán sí kíndìnrín pé kí ó fi omi pamọ́. Ọtí a máa pa ohùn rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kíndìnrín a sì máa tú omi sílẹ̀ nígbà tí ara ṣe aláìní rẹ̀ jù. Bíà tí kò le ń ṣe èyí díẹ̀, ọtí líle ń ṣe é púpọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ọtí a tún ṣe iṣẹ́ mìíràn: a máa ṣí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lábẹ́ awọ, ẹni tí ó mu ún a rò pé ara òun ń móoru, nígbà tí ó jẹ́ pé ooru inú rẹ̀ ni ó ń jáde lọ. Nínú aṣálẹ̀, níbi tí kò sí ìkùukùu tàbí ọ̀rinrin tí yóò dá ooru ilẹ̀ dúró, òru tí ó tẹ̀ lé ọ̀sán gbígbóná lè tutù débi tí ẹni tí ó sùn síta láìsí kúbùsù yóò fi gbọ̀n títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Gram Parsons, olórin tí ó fẹ́ràn ibẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, kú ní 1973 nínú yàrá ilé ìtura kan ní ìlú Joshua Tree, ẹni ọdún 26, lẹ́yìn tí ó ti da oògùn morphine pọ̀ mọ́ ọtí. Oòrùn kò fọwọ́ kàn án. Bí ọtí bá di dandan, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni, lẹ́yìn tí gbogbo okùn ìgun-àpáta bá ti wọ inú àpò, tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sì ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò mu.

Ní ti ìgbà tí ó yẹ láti lọ, oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin ọdún dára. Ní ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé, ọ̀sán a máa wà ní nǹkan bí 29 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òru a sì sọ̀ kalẹ̀ sí 10. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀sán a kọjá 38, kò sì sí ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ràn ọkọ ìyàwó tí yóò kó o lọ síbẹ̀ nígbà náà. Àyè àgọ́ kan kò gbà ju ènìyàn mẹ́fà lọ, àyè ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ sì wà ní Sheep Pass, Indian Cove àti Cottonwood, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ni kí wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Oòrùn ni kí wọ́n fi ṣe aago. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́ tán ni kí wọ́n ti wà lójú ọ̀nà Ryan Mountain, òkè tí orí rẹ̀ ga tó nǹkan bí mítà 1,660, tí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà márùn-ún lọ, kí wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó kàn wọ́n lórí. Láti aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́rin, kí wọ́n wà lábẹ́ ìbòòji, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn, kí wọ́n ta ayò bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ta. Ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ alápá gígùn ni kí wọ́n wọ̀. Àwọn ọkùnrin tí Adolph wádìí pàdánù omi púpọ̀ sí i nígbà tí wọ́n bọ́ra sílẹ̀ nínú oòrùn. Ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n wakọ̀ lọ sí Keys View, ibi tí ojú ti ń wo àfonífojì Coachella títí dé adágún Salton Sea, tí a sì ti ń rí ojú ibi tí ilẹ̀ ti là, èyí tí wọ́n ń pè ní San Andreas, tí ó ń ti ibẹ̀ mi ilẹ̀ Kalifọ́níà. Nígbà tí òkùnkùn bá dé, kí wọ́n pa gbogbo tọ́ọ̀ṣì. Láti 2017 ni ọgbà náà ti wà lára àwọn ibi tí àgbáyé mọ̀ fún òkùnkùn òru tí iná mànàmáná kò bà jẹ́. Ẹni tí ó bá dàgbà sínú ìlú yóò rí ìràwọ̀ tí kò mọ̀ pé ó wà.

Àwọn àgbà wí pé oòrùn tí ó bá pọ̀ lápọ̀jù a máa sọ ọmọ ẹni di wèrè, àwọn dókítà òde òní kò sì rí ohun kan yọ kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí ooru inú ara bá kọjá 40, ọpọlọ ni ó kọ́kọ́ ń ṣìwà hù: ẹni náà a máa sọ ìsọkúsọ, a máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, a lè bá àwọn tí ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ jà, a sì lè ṣubú lulẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọtí ni ó ń pa á. Kí wọ́n gbé e sí ìbòòji, kí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀, kí wọ́n da omi sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ, kí wọ́n kó yìnyín inú kúlà sí ọrùn, abíyá àti ìtàn rẹ̀. Kí wọ́n má fi omi sí ẹnu ẹni tí kò mọ ibi tí ó wà. Oògùn ibà kò lè dá ooru yìí dúró. Wíwá ìrànlọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n títu ara rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo ìṣẹ́jú tí ọpọlọ bá fi ń gbóná ni ó ń bà á jẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ejò, tí gbogbo àlejò fi máa ń ṣíwájú, kò gùn lọ títí. Àwọn ejò onírù ṣaworo wà níbẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń mi ìrù wọn kí wọ́n tó bu ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń bù jẹ ní ọwọ́ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fẹ́ gbé wọn. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìfọ́bẹ gé e, láìfẹnu fa á, láìdi okùn mọ́ ọn. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà tí wọ́n ń pè ní cholla, tí ẹ̀ka rẹ̀ máa ń já mọ́ ẹni tí ó bá fara kàn án. Òòyà ìyarun ni a fi ń ta á sọnù, kì í ṣe ìka. Kí wọ́n má sì pàgọ́ sí ojú ibi tí àgbàrá ti ń gbà, bí ó ti wù kí iyanrìn rẹ̀ tẹ́jú tó. Ní oṣù kẹjọ 1997, àgbàrá òjijì gbé àlejò mọ́kànlá lọ nínú Antelope Canyon ní Arizona, bẹ́ẹ̀ òjò tí ó fà á, ọ̀nà jíjìn ni ó ti rọ̀.

Fóònù kì í gbọ́ ní apá púpọ̀ nínú ọgbà náà. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń fi ìyà jẹ ejò. Ọkùnrin kan tí ó dá nìkan wọ inú aṣálẹ̀ yìí ní 2010 kò padà, 2022 ni wọ́n tó rí egungun rẹ̀. Kí ẹnì kan ní ilé, ì báà ṣe ìyàwó àfẹ́sọ́nà fúnra rẹ̀, ní ìwé tí a kọ ibùdó wọn sí, ojú ọ̀nà tí wọn yóò rìn, àti wákàtí tí kò gbọ́dọ̀ kọjá kí ó tó pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Kí epo kún inú ọkọ̀ kí wọ́n tó wọlé, nítorí kò sí ilé epo nínú ọgbà, kí sípíà táyà sì ní afẹ́fẹ́ nínú. Ní Death Valley tí ó wà ní àríwá ibẹ̀, níbi tí ìwé àkọsílẹ̀ fi ooru ọdún 1913 sí 56.7, ìjàǹbá ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó yà kúrò lójú ọ̀nà ni ó ń pa àlejò ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Nítorí náà, ìpadàbọ̀ ọjọ́ Àìkú gba ètò tirẹ̀. Ara a máa lo nǹkan bí wákàtí kan láti mú ife ọtí kan kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kọfí àti omi tútù kò sì lè kán an lójú. Ẹni tí ó mu ife mẹ́wàá tí ó sì fi ìgò lélẹ̀ ní aago méjì òru, ó lè ṣì wà lábẹ́ ọtí nígbà tí oòrùn bá yọ, òfin Kalifọ́níà kò sì gbà kí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tó 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún wa ọkọ̀. Láti ọjọ́ Ẹtì ni kí wọ́n ti yan awakọ̀ méjì fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn tí yóò fi omi àti oorun ṣe àríyá tiwọn ní òru ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n má sì fi ọkọ ìyàwó ṣe ọ̀kan nínú wọn.